Ìrun Àṣárì Lọ́yà Bádírù

Wọ́n gba àyè Làmídì alápatà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń kírun Àṣárì lọ́wọ́. Ẹni tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin jàmáà, ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó mọ ohun tó wà nínú àyà oníkálukú. Kí ìkẹ́ rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa. Ọ̀rọ̀ àmánà ni. Kì í ṣe àmánà ẹrù tí ẹnì kan fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ o. Àmánà ẹnu ni: ohun tí o mọ̀, tó yẹ kí o sọ, tí o kò sọ. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ sún wá iwájú díẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń dún yẹn, pa á.

Agbẹjọ́rò ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Bádírù. Ẹ má bi mí pé ìjọba ìbílẹ̀ wo, torí kì í ṣe ìlú la fẹ́ dá lẹ́bi. Ẹ mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ní oríṣiríṣi ìgbìmọ̀: ti ọjà, ti gáréèjì, ti odò ẹran níbi tí àwọn alápatà ti ń pa màálù. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe amòfin. Oníṣòwò wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, olóṣèlú wà níbẹ̀. Iṣẹ́ Bádírù ni láti jókòó tì wọ́n, kó máa wí fún wọn pé, "Òfin gbà yín láyè dé ibí. Ibẹ̀ yẹn, ẹ má dé ibẹ̀." Iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí wọ́n ń pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú yàrá yẹn. Ta ló máa wá bá a dúró, tí kì í bá ṣe ẹni tó mọ òfin?

Bádírù kì í gba rìbá. Kì í parọ́. Ìrun kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni kó wo ojú ẹni ńlá kó ní, "Rárá, ẹ kò lè ṣe é." Àyà rẹ̀ máa ń já. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá ti ń rùn nínú ìpàdé, á gbójú sókè wo aago ara ògiri. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, àsìkò ìrun ti tó." Á sọ̀kalẹ̀ lọ sí mọ́sálásí tó wà nínú ọgbà. Kó tó padà gòkè, wọ́n ti parí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lé àwọn mẹkáníìkì kúrò lẹ́bàá títì láìjẹ́ kí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, orí ẹní ìrun ni Bádírù wà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Èmi ò sí níbẹ̀."

Ṣé ẹ rò pé àwọn ìgbìmọ̀ ò kíyè sí i? Akọ̀wé ìgbìmọ̀ odò ẹran, Màmá Fọláyẹmí, ló kọ́kọ́ rí i. Bó bá ń to ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa jíròrò, Alága á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: "Màmá, èyí le díẹ̀ o. Ẹ fi sí àsìkò Àṣárì." Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn! Wọ́n ti sọ ìrun èèyàn di ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ Làmídì ṣe dé. Ó ti ń pa ẹran ní odò ẹran yẹn láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú, àyè rẹ̀ sì súnmọ́ ẹnu omi ẹ̀rọ. Àna Alága fẹ́ àyè náà. Ni wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án pé ó pa màálù tí dókítà ẹran kò yẹ̀ wò. Irọ́ gbuu ni. Dókítà náà sì ṣe tán láti jẹ́rìí. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ gba àyè ẹnikẹ́ni láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n ní kí Làmídì wá jókòó sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n á pè é.

Ó jókòó títí. Ladani pe ìrun. Ó rí Bádírù tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀.

"Àlàájì Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Wọn ò tíì pè yín?"

"Wọn ò tíì pè mí. Mò ń rò ó ni, ṣé kí n kírun ni àbí kí n dúró dè wọ́n?"

Bádírù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló kàn. Ó mọ ìdí tí òun fi dìde. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ìrun ló ṣáájú, Bàbá."

Làmídì rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni. Tí lọ́yà wọn bá wà ní mọ́sálásí, ta ni wọ́n fẹ́ bá ṣèpàdé? Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n ṣe àlúwàlá. Wọ́n wọ sáàfù, èjìká kan èjìká, Làmídì wà lọ́wọ́ ọ̀tún Bádírù. Nígbà tí ìmáàmù sálámà, Bádírù yíjú sí ọ̀tún. Ojú òun àti Làmídì ṣe mẹ́rin. Kí ló fẹnu sọ fún un? Àlàáfíà kí ó máa bá yín. Ìyẹn ló sọ. Lẹ́yìn náà ló gun àtẹ̀gùn lọ.

Làmídì tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Màmá Fọláyẹmí ti dìde dúró.

"A pe Làmídì lẹ́nu ọ̀nà, kò dá wa lóhùn. Ìgbìmọ̀ ti gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Há! Ìrun ni mo lọ kí!" Làmídì nawọ́ sí Bádírù. "Lọ́yà yín ló…"

"Bàbá, ẹ rọra." Alága yíjú sí Bádírù. "Lọ́yà, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ṣé a tẹ̀lé òfin?"

Bádírù wo Làmídì. Iyanrìn orí ẹní ṣì wà níwájú orí bàbá náà. Ó wo aago ara ògiri. Kò sí ìrun kankan mọ́ títí di Màgíríbì.

Ó ní, "Òfin ní kí ẹ pe ẹni náà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ sì ti pè é."

Ẹ̀yin jàmáà, ṣé ó parọ́? Ẹ dá mi lóhùn. Kò parọ́! Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ ó fi òótọ́ náà pa òótọ́ tó jù ú lọ.

Làmídì ò pariwo mọ́. Ó kàn bèèrè pé, "Àlàájì, ṣé ẹ mọ ibi tí mo wà nígbà tí wọ́n pè mí?" Bàbá náà wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò rọrùn fún Bádírù láti sálámà mọ́. Bó bá ti yíjú sí ọ̀tún, iwájú orí tí iyanrìn wà lára rẹ̀ ló ń rí. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó lọ bá Làmídì nílé. Bàbá yìí ti di ẹni tó ń bá ẹlòmíràn bó awọ màálù.

"Bàbá, ẹ foríjì mí, nítorí Ọlọ́hun."

"Mo ti foríjì yín, Àlàájì. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ ò sọ fún. Èmi mọ ibi tí mo wà. Àwọn tí ẹ ò sọ fún, ẹ lọ sọ fún wọn."

Bádírù lọ. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ladani pe Àṣárì, kò dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lójú wọn: pé òun ló ní kí bàbá lọ kírun, pé òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kàn. Alága fọwọ́ lẹ́rán. "Lọ́yà, ọ̀rọ̀ yìí ti tán o. Ta ló dí yín lẹ́nu lọ́jọ́ náà?"

Ẹ̀yin ará, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìrun sílẹ̀ o. Kí àwọn ọ̀dọ́ má lọ sọ pé áfáà wí bẹ́ẹ̀. Àsìkò Àṣárì gùn. Bádírù lè sọ̀rọ̀ tán kó tó lọ kí i. Ọlọ́hun ò ní ká máa sá sẹ́yìn ìjọsìn rẹ̀ fún ẹ̀tọ́ ẹrú rẹ̀. Kì í ṣe lọ́yà nìkan ni mò ń bá wí. Ìwọ tí wọ́n pè sí ìpàdé ẹbí, tí o lọ tọ́jú omi àlúwàlá nígbà tí wọ́n ń pín ilé ọmọ òrukàn, ìwọ ni mò ń bá wí. Ẹ tùúbá nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì lè wúlò.

Kí Ọlọ́hun tú ahọ́n wa sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ wa bá lè gbani. Kó má jẹ̀ẹ́ kí ìrun wa jẹ́rìí takò wá lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ààmín.

Mo gbọ́ ìbéèrè ìyá wa lẹ́yìn: Làmídì ńkọ́? Ó pe ìgbìmọ̀ lẹ́jọ́, Bádírù sì ti jẹ́rìí fún un. Kóòtù kò tíì dá ẹjọ́ náà. Àna Alága ló ń pa ẹran ní àyè Làmídì báyìí.