Wọ́n Ní Mo Ń Rìn Jù

Inú ń bí mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n ti kéde ìgbéyàwó Mojísọ́lá lẹ́ẹ̀mejì nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ ń lọ ní Iléṣà, orúkọ ọkùnrin tí wọ́n sì pè mọ́ tirẹ̀ kì í ṣe tèmi. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Ṣé mo jalè ni? Ṣé mo lu ọmọ ọlọ́mọ ni? Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju pé mo fi ẹsẹ̀ méjì tí Ọlọ́run fún mi rìn nínú ìlú tí mo fẹ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọmọ Kétu ni mí, lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Faransé náà ni mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan ní Òṣogbo, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Àwọn kan ń pè mí ní Tíṣà Kútọnú, àwọn aláìmọ̀kan ń pè mí ní Àgànyìn. Èmi ọmọ Alákétu! Mo gbé e mì, torí ìlú náà wọ̀ mí lára. Bí a bá ti jáde níléèwé, tí mo jẹun tán, tí oòrùn rọlẹ̀, n ó wọ sálúbàtà mi, n ó bọ́ síta láti Òkè-Baálẹ̀. N ó gba ọ̀dọ̀ àwọn aláró kọjá, níbi tí wọ́n ti ń sá àdìrẹ sórí okùn. N ó kí wọn pé “àrẹ̀dú o,” wọn ó sì máa rẹ́rìn-ín pé àjèjì mọ ìkíni ju onílé lọ. N ó dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ igi, tí wọ́n ń bá ìjọba ológun jà níbi tí ìjọba kò ti lè gbọ́. N ó ra ọsàn tí wọ́n ti bó, n ó máa fà á mu lọ sí téṣàn rélùwéè. Ọkọ̀ ojú irin kì í sábàá wá mọ́, ṣùgbọ́n àwọn bàbá kan máa ń jókòó síbẹ̀ ta ayò, ká má parọ́, èébú wọn dùn ju ayò náà lọ. Ní Kétu, mi ò lè rìn títí kí àgbà kan má rán mi níṣẹ́. Òṣogbo ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ bí ènìyàn ṣe ń rìn láìru ẹrù ẹnikẹ́ni.

Iléèwé kan náà ni Mojísọ́lá ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ Bíbélì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, bàbá rẹ̀ ra kòkó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó máa ń bá mi rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ti jọ ń sọ̀rọ̀ iye ọmọ tí a máa bí. Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ mi nílé, wọ́n ní àwọn gbọ́, ìwádìí ló kù. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Kétu jìnnà sí wọn, ni wọ́n bá ní àwọn yóò béèrè mi lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò mi.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Ìwàràjà, ni wọ́n rán. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Màmá náà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Álífà Télọ̀, ẹni tí mo máa ń kí tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, ó ṣe bí ẹni pé bùbá lòun fẹ́ rán. Mo kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ó bi mí pé, “Ọmọ mi, níbo lò ń lọ nírọ̀lẹ́ yìí?”

Ẹ wo ẹnu mi! Mo ní, “Mà, kò síbì kan tí mò ń lọ. Mo kàn ń rìn ni.”

Ó tún bi mí pé ṣé kò sẹ́ni tó ń retí mi níbì kankan. Mo ní kò sí. Álífà sì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Wàláhì, bí tíṣà wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò sí agboolé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ní Òṣogbo yìí.”

Ó rò pé òun ń yìn mí ni. Ẹni tí a ní kó bá ni fẹ́ ojú, ata ló bù sẹ́nu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa fi dé Iléṣà, wọ́n ní alárìnkiri ni mí, pé kò sí agboolé tí mi ò ní obìnrin sí, àti pé ọkùnrin tí kò mọ ibi tó ń lọ, ibo ló fẹ́ mú ọmọ àwọn dé? Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìdí. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn aláró tàbí àwọn bàbá aláyò. Ṣé ìwádìí nìyẹn?

Mojísọ́lá sunkún. Ó bẹ̀ mí pé kí n jókòó sílé fúngbà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tutù, òun yóò ní kí wọ́n tún wádìí wò. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ti ara mi mọ́lé. Bí mo bá ti iléèwé dé, n ó ti ilẹ̀kùn, n ó fa kọ́tìnì, n ó máa gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kí ara wọn kọjá níta. Màmá Ìwàràjà tún padà wá. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Álífà sọ fún wọn pé òun kì í rí mi mọ́, pé tíṣà tó máa ń kí gbogbo ayé ti sá pamọ́ sínú ilé, òun kò sì mọ ohun tó ṣe. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ń fi nǹkan pamọ́!

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mojísọ́lá ní ká jọ lọ sí Iléṣà, kí n fẹnu ara mi ṣàlàyé fún bàbá òun. Mo ní mi ò lọ. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ mí kó wá wò mí, ọmọ Kétu kì í tọrọ ìyàwó bí ẹni tọrọ iyọ̀. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ̀. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo jágbe mọ́ ọn níwájú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Kò bẹ̀ mí mọ́. Ìgbà tí sáà yẹn parí, wọ́n gbé e lọ sí iléèwé kan ní Òṣú.

Ọjọ́ tó wá kó ìwé rẹ̀, ó sọ fún mi pé ẹlòmíràn ti wá sílé àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ sí i létí: màmá Ìwàràjà, Álífà, bàbá rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, “Gbogbo ohun tí wọ́n sọ yẹn, bàbá mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo lo máa wá. O kí gbogbo Òṣogbo tán, o ò wá kí bàbá mi.”

Ó gbé ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú ṣì ń bí mi sí màmá náà, inú ń bí mi sí Álífà, mi ò ní ṣe bí ẹni mímọ́ níwájú yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ara mi gan-an ni inú ń bí mi sí jù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni wọn yóò kéde ìgbéyàwó náà lẹ́ẹ̀kẹta, tí àlùfáà yóò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tí yóò sọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó pé. Ṣé kí n wọkọ̀ lọ sí Iléṣà lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, àbí kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó lọ ilé ọkọ rẹ̀ ní àlàáfíà? Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá ìkíni tó pẹ́ tó báyìí ṣì ń jẹ́ ìkíni.