Ewé Tí Mo Sun Nínú Ààrò

Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò lè gbé e mọ́, nítorí ní Sátidé tó ń bọ̀, ọkọ mi àti àwọn ọkùnrin ìjọ wa fẹ́ lọ fi tipátipá mú obìnrin kan wá láti Ìkòyí-Ilé. Èmi ni mo mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan.

Ìyáálé ni mí nílé ọkọ mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àkọ́bí mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Takie, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó kékeré tí ọkọ mi fẹ́ lé mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní òun bá a lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń mu igbó pẹ̀lú ọkùnrin kan tó jagun dé láti Bọ́mà. Mo ní kó fi ọmọ mi sílẹ̀, kó lọ bí tirẹ̀. Ẹnu mi burú, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá ewé náà nínú àpò ṣòkòtò ọmọ náà, ó fi bébà wé e. Aládùúrà ni wá. A kì í lo egbòogi, àdúrà àti omi nìkan ni tiwa. Ẹ̀rù bà mí pé bí wọ́n bá rí ewé nílé, wọn á ní èmi ni mo lọ gba oògùn. Ìjọ ni mo bẹ̀rù, n kò bẹ̀rù igbó. Mo jù ú sínú ààrò, ó jóná. N kò bá ọmọ wí, n kò sì sọ fún bàbá rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ mi fa àdá yọ. Ó ṣá ewúrẹ́ mẹ́ta pa lágbàlá, ó ṣá bàbá rẹ̀ lápá, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin mẹ́fà ló dì í mọ́lẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, aríran ní obìnrin ilé wa kan ló dè é mọ́lẹ̀, ó bi mí pé ta ni. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ojú ló wà lára mi. Mo nawọ́ sí ìyàwó kékeré.

Pàṣán ni wọ́n kọ́kọ́ fi nà án, lẹ́yìn náà igi. Eyín rẹ̀ méjì yọ, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ bó. Ó wò mí láti ilẹ̀, ó ní, "Ìyáálé, ẹ bá mi sọ ọ́."

N kò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń fi òkúta lé e jáde, èmi náà ju tèmi, ó sì bà á. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó gbé oyún kúrò nílé wa. Ọmọbìnrin ló bí sí Ìkòyí-Ilé.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ mi kò yéé mu igbó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi ọmọ ọlọ fọ́ àbúrò rẹ̀ lórí, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí. Aríran ní obìnrin náà kò tíì tú u sílẹ̀, pé kí wọ́n lọ mú un wá, kó jẹ́wọ́ lábẹ́ pàṣán.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni mo ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ọkọ mi ni àbí aríran? Mo mọ̀ pé èsì yín kò lè tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí Sátidé tó dé. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí.