Iyanrìn Ẹ̀yìn Sùbérù

Ẹ dá a padà! Mùtíátù, fi ọwọ́ rẹ fà á padà síbi tó ti gbé ọmọ yẹn ṣánlẹ̀... ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ yẹn. Ẹ wo ọmọ! Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ gbọ́? Ẹ̀gbọ́n tèmi, ọmọ ìyá ọmọ bàbá! Ọmọ yìí ló gba wúrà fún ilẹ̀ Faransé nínú ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní júdò yìí. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ń pe orúkọ rẹ̀, Àṣàbí, bí ẹni tó ń sín, àmọ́ kò burú. Orúkọ wa ni.

Ọkùnrin náà ní kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọmọ náà ti rí irú agbára bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kẹ̀? Èmi tí mo jókòó sí Temple Hills ní Amẹ́ríkà níbí ńkọ́? Ṣé wọ́n bi mí ni?

Ẹ jókòó. Lùkmọ́ọ̀nù, ọmọ mi, ìwọ náà jókòó. Bọ́ bàtà rẹ. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Ìwọ lo sọ lánàá pé Mùtíátù ọmọ rẹ kò ní lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ júdò ní Camp Springs. O ní ọmọbìnrin kì í jìjàkadì, o ní kí ni àwọn ará mọ́sálásí máa wí. Mo gbọ́. Òní ni mo fẹ́ fèsì.

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, ní abúlé wa lẹ́bàá Ìlárá, lójú ààlà, tí èèyàn bá ju òkúta, ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ló máa bọ́ sí... gbogbo ọmọdé ló ń jìjàkadì. Lóde òní, bí ọmọ méjì bá dira wọn mú nílé ẹ̀kọ́ níbí, wọ́n á ti pe òbí. Nígbà tiwa, òbí ló máa jókòó wò ó! Etí odò la ti ń ṣe é, lórí iyanrìn, lẹ́yìn ìrun alásárì. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ṣubú. Kò sí ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ìjà ò tíì parí o. Ẹ gbọ́, ibí yìí ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó borí gbọ́dọ̀ fa ẹni tó ṣubú dìde, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Bí o kò bá gbọn ọ́n, o ò borí. Wọn ò ní kà á. Àwọn àgbà á ní, "Ìwọ lo fi ìdọ̀tí sí i lára, ìwọ ni kó o gbọn ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi Ràfátù... kò ga, àmọ́ ó dúró nílẹ̀ bí odó. Àwọn ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n gbà kó máa bá jà. Ó dá wọn tán! Ó ń dá wọn, ó ń gbọn wọ́n, ó ń dá wọn, ó ń gbọn wọ́n. Èmi pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹ̀yìn mi ju bí kànrìnkàn ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Sùbérù wá ńkọ́? Ọmọ olórí àwọn oníjàkadì ni. Gìrìpá. Lọ́jọ́ kan, ó dá gbogbo ọmọkùnrin tán, ó wá ń yan kiri.

Ó ní, "Ó ku ta ni? Àbí ó ku ìyá mi?"

Ràfátù ní, "Ó ku èmi."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Sùbérù ní, "Lọ dáná, ìyàwó."

Ràfátù ní, "Ìyàwó tó máa gbé ọ ṣánlẹ̀ nìyí."

Háà! Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ó dì í mú lápá, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó fi ìbàdí gbé e... bí Àṣàbí ṣe ṣe é yẹn gan-an! Gbìì! Sùbérù ń wo ojú ọ̀run. Èmi nìkan ni mo pariwo, mo fò sókè, bí ẹ ṣe rí i tí mo fò láàárọ̀ yìí.

Ràfátù fà á dìde. Ó ti na ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ni Bàbá wa bá kígbe pé, "Má gbọn nǹkan kan!" Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Obìnrin kì í dá ọkùnrin lábúlé yìí. Kò ṣẹlẹ̀."

Kò ṣẹlẹ̀! Ohun tí gbogbo wa fojú rí! Wọn ò lè sọ pé kò dá a, wọ́n wá ní kó má gbọn ọ́n. Sùbérù gba àárín abúlé lọ sílé, iyanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo èèyàn ń rí i, gbogbo èèyàn ń wo ibòmíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Títí dòní, o máa ṣiṣẹ́, wọ́n á ní o ò ṣe é.

Lálẹ́, ìyá wa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Ràfátù ní, "Ìyá, ọwọ́ ló ń yún mi."

Kò jà mọ́. Ó fẹ́ aránṣọ kan ní òdìkejì ààlà, ó bá a lọ sí Párísì. Èmi dé Ìbàdàn, Lùkmọ́ọ̀nù wá gbé mi wá síbí. Kí Ọlọ́run tó pè é, ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Àbúrò mi, ọmọ kékeré kan wà nílé wa tó ń bá wọn ṣe júdò. Mò ń kọ́ ọ ní ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ò mọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò bi í pé kí ni.

Mùtíátù, tún un gbé sí i. Ẹ wò ó. Ó ti gbé e ṣánlẹ̀. Ẹlòmíràn á ti máa sá kiri, á máa na ọwọ́ sókè. Ẹ wo tiwa. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fà á dìde. Ọwọ́ rẹ̀... ẹ rí ọwọ́ rẹ̀? Ó ń gbọn ẹ̀yìn rẹ̀! Iyanrìn wo ló wà lórí ẹní tó mọ́ lóló yẹn? Ọkùnrin tẹlifíṣọ̀n ń rẹ́rìn-ín, ó ní eré ni. Eré kọ́! Ọmọ náà kò dé etí odò wa rí, kò mọ Sùbérù. Èmi ni mo mọ iyanrìn tó ń gbọn.

Lùkmọ́ọ̀nù ní, "Màmá, ẹ má sunkún mọ́." Ta ló ń sunkún? Inú mi ló ń dùn!

Ayé ti yí, ọmọ mi. Wọ́n ti kó iyanrìn etí odò wa lọ, wọ́n fi mọ ilé. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń gbá ọwọ́ ọmọbìnrin kúrò, ṣé ìyẹn ti lọ? Kò lọ o. Ó jókòó síwájú mi níbí, ó bọ́ bàtà.

Wọ̀ ọ́ padà, kó o gbé ọmọ lọ sí Camp Springs. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dà? Mùtíátù, gbé omi dání. Bí o bá dá ẹnikẹ́ni lónìí, gbọn ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ, dúró kó gbọn ọ́. Bàbá rẹ á wà níbẹ̀, á máa wò yín. Ọwọ́ rẹ̀ á sì wà nínú àpò.