Ẹrù Ni Mo Sọ, Kì í Ṣe Ẹrú

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, ògbufọ̀ ni mí ní Tudun Wada, ní Zaria. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ra ìwé ìtàn fún ọmọ yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Orúkọ kan ti kú nílé mi, inú mi kò sì tíì rọ̀.

Ìyá ìyá mi, Àṣàkẹ́, ló máa ń fi ọkọ̀ ojú irin kó obì wá síbí láti Ọ̀yọ́. Ẹrù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláàárù fi sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́ Ẹrù. Mo fún ọmọ mi obìnrin ní orúkọ yẹn, ó sì ń fi í yangàn. Èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi ròyìn ìyá yìí fún olùkọ́ yunifásítì kan, ọmọ Ìlọrin tí kò gbọ́ Hausa, tó ń kọ ìwé kí àwọn ọmọ wa lè fẹ́ràn ìtàn àtijọ́.

Ìwé jáde láìní àmì lórí, láìní àmì nísàlẹ̀: "Asake Eru". Ọkùnrin yìí dúró níwájú kíláàsì ọmọ mi, ó kà á ní Àṣàkẹ́ ẹrú, ó sì fi kún un pé bàbá ńlá òun ló rà á lọ́jà! Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ ẹrú ni wọ́n ń pe ọmọ mi.

Mo lọ bá a. "Ọ̀gá, ẹrù ni mo sọ fún yín, kì í ṣe ẹrú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ìtàn àròsọ ni! Ṣé torí àmì orí ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ bá mi jà? Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ó dùn létí."

Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tó yá, ó gbé ìwé náà fún èmi kan náà pé kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, torí Hausa ni àwọn ọmọ ibí gbọ́ jù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì dé ibi tó kọ: "Baba nla mi ko ile ni Sabo." Ṣé kọ́ ilé ni, àbí kó ilé? Àmì dà? Mo túmọ̀ rẹ̀ sí olè tí ń fọ́ ilé onílé. Gbogbo ibi tí bàbá náà ti kọ́lé, mo sọ ọ́ di kólékólé. Ọ̀gá kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ ìkówèéjáde, ọmọdébìnrin kan kà á sókè, ó sì kígbe: "Ashe barawo ne!" Olè mà ni! Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yíjú sí mi: "Kí ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Àmì orí ọ̀rọ̀ ni, sà. Ó dùn létí."

Ọkùnrin náà ti kó ìwé rẹ̀, ó ti padà sí Ìlọrin. Bàbá ńlá rẹ̀, tó kọ́lé ní tòótọ́, ti di olè lẹ́nu àwọn ọmọdé. Kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ fún mi mọ́. N kò sì kábàámọ̀. Ìyá àgbà mi wà nínú ibojì rẹ̀. Ọmọ mi wà nílé. Bí mo bá pè é ní Àṣàkẹ́, kì í dáhùn.