Òfin Aboyún ní Ilé Iṣẹ́ Òwú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn wá síwájú yín, tèmi tọmọ tuntun. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí korò lẹ́nu mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ilé iṣẹ́ òwú tó wà lọ́nà Ṣakí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òwú là ń ṣà, là ń dì sápò, là ń rù. Látìgbà tí òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ti lọ, fóòmánù tó ń darí wa ló ń ṣe wá bó ṣe wù ú. Tó bá ti rí i pé ikùn obìnrin yọ, ó di ilé nìyẹn. Ó ní òfin kọ́ńpìnnì ni. Bẹ́ẹ̀ ni Ràbíátù, ọ̀rẹ́ mi, ṣe ń fi ọ̀já di oyún rẹ̀ mọ́ra tó ń ru àpò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣubú lábẹ́ ẹrù. Háà! Ẹ̀jẹ̀! Oyún bàjẹ́. Wọ́n tún lé e.

Nígbà tó yá, èmi náà lóyún. Mo gbààwẹ̀, mo sunkún níwájú pẹpẹ yìí. Kò pẹ́ ni kọ́ńpìnnì mú ìyá kan wá láti Ìbàdàn pé kó máa mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìyá yìí kì í jókòó sí ọ́fíìsì. Ó wá bá wa nídìí iṣẹ́, ó rí ọ̀já tí èmi náà fi di ikùn.

Ó ní, "Tú u, ọmọ mi."

Fóòmánù sáré dé. "Mà, òfin ni o. A ò gba aboyún."

"Òfin wo? Ta ló ṣe é?"

Halelúyà! Kò sí òfin kankan, ẹ̀yin ará! Ẹnu fóòmánù lásán ni!

Ìyá fún mi níṣẹ́ ìjókòó. Nígbà tóṣù mi pé, ó fún mi ní lífù, ìsinmi ìbímọ, mo bímọ láyọ̀, iṣẹ́ mi ṣì ń dúró dè mí. Ó bẹ máníjà kọ́ńpìnnì pé kó gba Ràbíátù náà padà. Máníjà ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìkómọ, Ràbíátù gbé Ìbùkún ọmọ mi mọ́ra, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, kí ló dé tí wọn ò mú obìnrin yẹn wá kí n tó ṣubú?"

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá Ọlọ́run, mo ṣì ń retí èsì.

Ẹ bá mi gbé ògo fún Un. Ẹ jó, ẹ yọ̀, mo fẹ́ ayọ̀ yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pàdé Ràbíátù lọ́nà oko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé ọmọ ńkọ́.