Sọwédowó tí Àwòrán Rẹ̀ Kò Lọ

Ọ̀rọ̀ tí Rodiat ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó di dandan kó bì í jáde wàyí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti san owó Mẹ́kà fún un. Ṣùgbọ́n níbi tí àlùfáà ti ń kọ́ àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ní mọ́ṣáláṣí, ó ní, "Ohun tó bá wà láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Rẹ̀. Èyí tó bá wà láàárín ẹ̀yin àti ọmọ ẹ̀dá, onítọ̀hún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá." Rodiat mọ ẹni tó yẹ kóun lọ bá, ó mọ̀ pé ìlú Ekpè lonítọ̀hún ń gbé, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ takisí ní ìdíkọ̀ Gbégamey, ó dé Ekpè. Ó bá Placide, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní báǹkì, lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbé e lé itan bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Clémence ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Inú àwọn méjèèjì dùn láti rí i, ìyẹn gan-an ló sì dun Rodiat jù.

"Rodiat, àbúrò mi, ó tó ọjọ́ mẹ́ta," ni Placide wí. "Clémence, bu omi fún un."

Rodiat kò gba omi. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn títí n óò fi sọ̀rọ̀ tán, torí bí mo bá dúró, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀yin ń kó sọwédowó sínú báàgì láràárọ̀, tẹ́ ẹ ń gbé e lọ síbi tí àwọn báǹkì ti ń pàdé, kí kálukú lè gba tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Wọ́n ní bébà kò ní rìn mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni yóò máa dúró, àwòrán rẹ̀ nìkan ni yóò máa lọ sí báǹkì kejì. Ọ̀gá wa ní ẹnì kan ṣoṣo ló máa kù nídìí ẹ̀rọ náà nínú àwa méjèèjì. Mo rò pé ó máa ṣòro fún yín, torí ẹ jù mí lọ. Àṣé kíá lẹ máa mọ̀ ọ́n lò, ẹ tún ń kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ́ bébà kí àwòrán rẹ̀ má baà ṣókùnkùn. Ẹ̀ ń kọ́ mi, mo ń kórìíra yín. Ìwà ọwọ́ mi nìyẹn. Ọkọ mi, Bàbá Balqees, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ̀rù ebi ń bà mí, ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀rù ebi kì í bà? Lọ́jọ́ kan, ẹ to sọwédowó sílẹ̀, ẹ lọ jẹun. Mo fa ọ̀kan yọ, mo fi sínú báàgì mi. Mi ò tiẹ̀ wo ẹni tó ni ín. Mo fẹ́ kí wọ́n kàn sọ pé ẹ ti ń gbàgbé nǹkan, kí n sì díbọ́n pé mo rí i lábẹ́ tábìlì. Mo ń retí kí wọ́n bèèrè. Kò sẹ́ni tó bèèrè, títí Kúbúrá tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Missèbo fi wọlé tẹkúntẹkún. Òun ló ni sọwédowó náà, àwòrán rẹ̀ kò lọ, owó kò wọlé, owó yẹn ló sì fẹ́ fi gba ẹrù rẹ̀ jáde ní èbúté. Ọ̀gá pè mí. Báàgì náà wà lórí itan mi, sọwédowó wà nínú rẹ̀, bí mo bá na ọwọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ tán. Ó bi mí pé ta ló tò ó. Mo ní ẹ̀yin ni, òótọ́ sì ni. Ó wá bi mí pé, 'Ǹjẹ́ o rí i tó fi nǹkan sápò?' Ẹ̀gbọ́n, mo ní mo rí i."

Rodiat fẹ́ wo ojú Placide, kò lè wò ó. Ọbẹ Clémence ló ń wò, tó ti dúró lára ẹ̀gẹ́.

"Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n mú yín kọjá lójú àwọn oníbàárà. Ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, 'Rodiat, bá mi sọ fún wọn.' Mo tẹrí ba. Nígbà tí mo délé, mo dáná sun sọwédowó náà. Àwọn ọlọ́pàá ò rí nǹkan kan lọ́wọ́ yín, síbẹ̀ báǹkì lé yín, èmi sì jókòó sórí àga yín. Ẹrù Kúbúrá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó padà sí Ṣakí. Ohun tí mo ṣe rèé. Mẹ́kà ni mò ń lọ, ẹ foríjì mí nítorí Ọlọ́run."

Clémence ló kọ́kọ́ lanu, ara rẹ̀ ló sì ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Rodiat.

"Mo bi ọkọ mi léèrè. Mo jókòó sórí ibùsùn wa, mo ní, 'Bàbá Marlène, bó bá jẹ́ pé ẹ mú un, ẹ sọ fún mi.' Ó ní òun ò mú un. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbà á gbọ́, láti ọjọ́ náà títí di òní."

"Mo mọ̀," ni Placide wí. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa fóònù yọ, ó nà án sí Rodiat. "Marlène ọmọ wa wà ní Parakou. Nígbà náà, àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ máa ń pè é ní ọmọ olè, òun náà sì gbà pé òótọ́ ni. Kì í wá síbí mọ́. Bí o ṣe sọ ọ́ fún wa yìí, sọ ọ́ fún un. Ti àforíjì, jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná."

Rodiat pè é, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò mọ ohun tó yẹ kó pe ọmọ ẹni tó bà lórúkọ jẹ́. Nígbà tó dé ibi "mo ní mo rí i," ó gbọ́ tí Marlène mí kanlẹ̀. Ó sọ ọ́ tán. Marlène wá bi í pé:

"Ṣé bàbá mi wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbí."

"Ẹ gbé fóònù fún wọn."

Placide gbé e mọ́ etí, kò sì rí ju "Marlène, èmi ni" sọ lọ. Ó yíjú sí ògiri.

Clémence sin Rodiat dé ẹnu géètì.

"O ní Kúbúrá padà sí Ṣakí?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ní ó lọ, Ìyá Marlène."

"Wá a kàn kó o tó lọ sí Mẹ́kà. Sọ fún òun náà pé ọkọ mi kọ́ ló jà á lólè. Bó o bá ti Ṣakí dé, kó o padà wá síbí, ká tó sọ ti àforíjì."

Kò dágbére fún un. Ó ti géètì, ó sì padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Rodiat wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ṣakí.