Ọmọ Tí A Kò Kà ní Èbúté Ẹ̀pẹ́

Ọpẹ́ ni mo gbé wá síwájú Ọlọ́run àti síwájú ẹ̀yin ará lónìí. N kò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi, Títí, ló ń bá mi kọ ẹ̀rí yìí sílẹ̀, torí bí mo bá dìde láti sọ ọ́, ẹkún kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ọdún tí àwọn sójà yí àwọ̀ owó padà ni, tí gbogbo wa ń tò sí ẹnu ọ̀nà báǹkì láti àárọ̀. Nígbà tí hílàhílo yẹn rọlẹ̀ tán ni Délé àkọ́bí mi, tó ń ṣe tíṣà ní Òdógbolú, wá bá mi nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó ní, "Màámi, ní họlidé yìí, gbogbo wa là ń lọ sinmi létí òkun. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ ò ní dáná, ẹ ò ní gbálẹ̀. Abẹ́ igi àgbọn lẹ ó jókòó sí, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí yín."

Mo ní, "Sinmi bíi ti báwo? Ṣé bẹ́ẹ̀dì mi ni kò ṣeé sinmi lé mọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tó ti pẹ́ tí ẹ ti ń sùn lórí ẹ̀, ṣebí ó ṣì ń rẹ̀ yín."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ní ilé sí abúlé kan létí òkun, ní òdìkejì ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ìyẹn ló fẹ́ yá wa. Bí ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó Délé, Ìyá Mojí, ń to gaàrí àti ẹja gbígbẹ sínú àpò, ó ń wá oògùn ibà tí yóò gbé dání fún àwọn ọmọ. Fúnkẹ́ ọmọ mi obìnrin ní òun náà ń kó àwọn tòun bọ̀. Inú mi wá dùn. Mo ra áńkárá, mo ní kí télọ̀ fi rán aṣọ kan náà fún gbogbo wọn, kí ayé lè mọ̀ pé ilé kan ni wọ́n ti wá.

Ráfíù, awakọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ìbẹ̀fún, ló fi búọ̀sì gbé wa. Mojí ni àbíkẹ́yìn Délé, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó bì lọ́nà. Èmi fúnra mi ni mo tẹ́ ẹní fún un sẹ́yìn ìjókòó ìgbẹ̀yìn, mo fi ìborùn mi bò ó. Ó sùn lọ fọnfọn.

A dé èbúté, ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ń pariwo, "Ẹ tètè wọlé jàre, atẹ́gùn ń bọ̀!" Délé ń sáré gbé ẹrù, Ráfíù ń jù ú sílẹ̀ láti orí búọ̀sì. Mo rò pé ìyá Mojí ti gbé e. Ìyá rẹ̀ rò pé Fúnkẹ́ ti pọ̀n ọ́n. Nígbà tí a ń wọ ọkọ̀, Ìyá Mojí dúró, ó na ìka sí àwọn ọmọ, ó ní, "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta…"

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. "Ewúrẹ́ lò ń kà ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé yín ni?"

Àwọn èrò inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Ó wọlé. Ọkọ̀ ṣí.

A ti dé àárín ọ̀sà nígbà tí Ìyá Mojí yíjú sí Fúnkẹ́. "Gbé Mojí wá, kí n fún un lómi."

"Mojí kẹ̀? Ṣebí ọwọ́ yín ló wà."

Yéè! A wá abẹ́ ìjókòó, a wá àárín ẹrù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Fúnkẹ́ ní òun rí Mojí níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀ létí omi kí a tó wọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n Mojí ló rí. Aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà yẹn? Èèyàn méjì ló di Ìyá Mojí mú kó má baà bẹ́ sómi.

Nígbà tí a padà dé èbúté, Ráfíù ti lọ. Kò sẹ́ni tó ronú kan búọ̀sì, torí ọmọ Fúnkẹ́ ti ní létí omi lòun ti rí i. Omi là ń wò. Àwọn apẹja wọ inú omi, wọ́n ju àwọ̀n. Bí àwọ̀n bá ti wúwo, màá di ojú mi. Koríko omi ni wọ́n ń fà jáde. Délé ń rìn létí omi, ó ń pe "Mojí! Mojí!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Obìnrin kan ní ọwọ́ ayé ni. Kò sí ẹni tó bá mi wí, ìyẹn ló burú jù. Ìyá Mojí nìkan ló wá bá mi. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, mo ti kà dé ẹ̀ta."

Ẹ̀yin ará, ilẹ̀ kò lanu gbé mi mì.

Mo lọ sẹ́yìn àtíbàbà àwọn ẹlẹ́ja, mo kúnlẹ̀. Gbogbo sáàmù tí mo mọ̀ sórí ló fò lọ. Mo ní, "Olúwa, kò sí ọwọ́ ayé ńbẹ̀, èmi ni. Ọwọ́ mi ló gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ mú ẹnìkan, mo ti gbó, mú mi." N kò gbọ́ ohùn kankan. Orókún mi ń ro mí, oòrùn ń rẹlẹ̀. Mo gbọ́ tí àgbà apẹja kan ń sọ fún Délé pé kó máa kó àwọn ọmọ yòókù lọ sílé, pé bó bá di ọjọ́ kẹta, omi á gbé ohun tó mú jáde. Délé ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! N kò lè ṣe àmín sí àdúrà mi mọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ họ́ọ̀nù. Pó-pó-pó! Ráfíù ni.

"Màmá! Ẹ gbàgbé ẹrù kan sínú ọkọ̀ mi o!"

Ilé ìyá rẹ̀ ní Ìbẹ̀fún ló lọ láti jẹun, oorun sì gbé e lọ lábẹ́ igi. Àwọn ọmọ ilé ló wá jí i pé ẹnìkan ń sunkún nínú búọ̀sì. Kò dúró wẹsẹ̀ tó fi yí padà. Mojí ló gbé léjìká yẹn, pẹ̀lú ìborùn mi lára rẹ̀. Ráfíù ń kígbe, "Alihamdulilahi!" Èmi ń kígbe, "Halelúyà!"

Ìyá rẹ̀ kò jó. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè, ó sì ń wojú mi. 

A kò rí òkun mọ́. Búọ̀sì yẹn náà ló gbé wa padà sílé. Ó pẹ́ gan-an kí Ìyá Mojí tó tún gbà kí ọmọ náà sùn lọ́dọ̀ mi, n kò sì dá a lẹ́bi. Títí di òní, bí mo bá rí àwọ̀n tí wọ́n ń fà, màá di ojú mi.

Ẹ bá mi yọ̀, ará. Ọmọ méje ló jáde nílé, méje ló wọlé padà. Mo ti lè sọ iye wọn báyìí, torí lọ́jọ́ kan ni wọ́n ka ìtàn olùṣọ́ àgùntàn létí mi, ẹni tó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ tó lọ wá ọ̀kan. Mo bi ara mi pé, báwo ló ṣe mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù? Mo bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo délé, mo pe Délé àti Fúnkẹ́, mo pe ìyàwó mi náà mọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ ka àwọn ọmọ yín. Ẹ kà wọ́n sókè. Bí mo bá sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ lanu láti dá yín dúró, ẹ ṣáà máa kà wọ́n lọ, kí ẹ sì ka èmi náà mọ́ wọn."